Bí Wọ́n Ṣe Sọ Orin Àtọ́kẹ́ Di Orin Àríkẹ́

Bí ẹ bá ní àwo orin tí wọ́n gbé jáde ní Òṣogbo tàbí ní Iléṣà láàárín ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ó ṣeé ṣe kí ìka Mùyídéènì Ọ̀ṣúnkọ̀yà wà nínú rẹ̀. Ẹ má wulẹ̀ wá orúkọ rẹ̀ lára bébà tó wà láàárín àwo. Kò sí níbẹ̀. Orúkọ ẹni tó kọrin ni ẹ ó rí, àti orúkọ ẹni tó ni ẹ̀rọ, èyí tí wọ́n sábà máa ń kọ gàdàgbà ju ti olórin lọ. Mùyídéènì ni ẹni tí wọ́n ń pè láti wá lu agídìgbo sínú orin ẹlòmíràn, tí wọ́n á sì ní kó máa lọ sílé bí iṣẹ́ bá ti parí.

Ọkùnrin tó ti lé díẹ̀ ní ogójì ọdún ni. Òkè-Baálẹ̀ ní Òṣogbo ni wọ́n bí i sí, nínú agbo ilé tí bàbá bàbá rẹ̀ ti ń bọ Ọ̀ṣun, tí bàbá rẹ̀ ń kírun, tí àbúrò bàbá rẹ̀ kan sì ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí mo bi í pé ta ló kọ́ ọ ní agídìgbo, ó ní kò sẹ́ni tó kọ́ òun. N kò gbà á gbọ́, mo sì sọ fún un bẹ́ẹ̀.

Ó rẹ́rìn-ín. "Akọ̀wé, ẹ ti kàwé jù. Ìyá mi ló máa ń kọrin bó bá ń gúnyán, èmi á sì máa wá ohùn rẹ̀ lórí irin. Ṣé ìyẹn náà ni ẹ ó pè ní ẹ̀kọ́?"

Àpótí pákó ni agídìgbo, tí wọ́n de irin pẹlẹbẹ mọ́ lójú. Ẹni tó ń lù ú á gbé e lé itan, á máa fi ìka ta irin, á sì máa gbá ẹ̀gbẹ́ àpótí náà bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn. Mùyídéènì mọ̀ ọ́n lù tó bẹ́ẹ̀ tí olórin tí kò lóhùn yóò fi dà bí ẹni tó lóhùn. Ìyẹn gan-an ni wọ́n fi ń wá a.

Mo bi í nípa àwọn tó ń gbé àwo jáde. Ó rún imú bí ẹni tó gbóòórùn ẹran tó ti ń rà.

Ẹni àkọ́kọ́ tó pè é níṣẹ́ ni Alàgbà Awóníyì, àgbà ìjọ kan ní Òṣogbo, tó ń gba orin ìyìn sílẹ̀ nínú yàrá àlejò rẹ̀. Alàgbà yìí ní orúkọ Mùsùlùmí kò gbọdọ̀ dún létí ẹ̀rọ òun. "Mósè" ni gbogbo ènìyàn gbọ́dọ̀ máa pe Mùyídéènì títí wọn yóò fi ṣí ilẹ̀kùn. Bí orin bá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í dùn, Alàgbà á dá a dúró, á ní kí gbogbo wọn dìde gbàdúrà.

"Mo ní, 'Alàgbà, ẹ jẹ́ ká parí rẹ̀ ná.' Ó ní, 'Mósè, ìwọ ò mọ Ọlọ́run.' Mo wá ń rò ó pé bí Mósè ò bá mọ Ọlọ́run, ta ló kù tó mọ̀ ọ́n?"

Ẹnìkejì, tí Mùyídéènì kò fẹ́ kí n kọ orúkọ rẹ̀ nítorí wọ́n jọ ń gbé àdúgbò, kì í lè ṣe kó má jẹun. Bí ẹ̀rọ bá ti ń yí ni òun náà á máa jẹ àgbàdo sísun. Mo ti gbọ́ ọ̀kan nínú àwọn àwo tó gbé jáde. Orin ìfẹ́ ni. Nígbà tí olólùfẹ́ ń sunkún nínú orin, ẹ ó gbọ́ ọkùnrin kan tó ń rún nǹkan lẹ́nu wọ̀mùwọ̀mù. Wọ́n ní àwọn tó ra àwo náà rò pé ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ tuntun ni.

"Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ni àwọn wọ̀nyẹn," Mùyídéènì ní. "Fálẹ́yìmú ni ìríra."

Ọmọ Iléṣà ni Fálẹ́yìmú. Òṣómàáló ni kó tó di ẹni tó ń gbé àwo jáde. Ó ń ru aṣọ kiri ìlú, ó ń tà á láwìn, bó bá sì di ọjọ́ àtigbowó, á lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà oníbàárà rẹ̀, kò ní dìde títí wọn yóò fi dá a lóhùn. Nígbà tó fi aṣọ títà sílẹ̀ tó ra ẹ̀rọ agbohùn, kò fi ìlóṣòó sílẹ̀. Nínú ilé òkè rẹ̀ ní Òkèṣà, ó fi àwọn aṣọ tí kò rí tà bo ògiri yàrá kan kí ohùn má baà ta padà, ó kan fèrèsé pa, ó sì máa ń lóṣòó síwájú onílù bí ẹni tó wá sin gbèsè. Ojú rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìka onílù. Kò mọ ohun tó ń wò. Bí ẹnìkan bá ṣì í lù, láti ojú ẹni náà ni Fálẹ́yìmú ti máa ń mọ̀, kì í ṣe láti etí tirẹ̀. Á na ìka sí i: "Ìwọ ni."

Ooru inú yàrá náà kò ṣeé fẹnu sọ. Òógùn á máa kán sórí irin agídìgbo, ìka á máa yọ̀, Fálẹ́yìmú á sì máa mí sí onílù lójú. Gbogbo àwo rẹ̀ ló ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú igbe tirẹ̀ fúnra rẹ̀: "Fálẹ́yìmú ló gbé e jáde o!" Lẹ́yìn igbe yẹn ni orin tó lè wọlé.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń sọ fún àwọn olórin: "Ta ló ń gbọ́ orin? Orúkọ ni wọ́n ń rà." Ohun tó túmọ̀ sí ni pé òun á ti lọ bá olówó kan, wọ́n á ti jọ ṣàdéhùn pé wọn yóò ki olówó náà nínú àwo, olówó á sì kó àwo náà fún ẹbí àti àna. Mo ti gbọ́ bíi mélòó kan. Bí orúkọ kan ṣe ń jáde ni òmíràn ń ti í lẹ́yìn, orin kò ráyè mí.

Mùyídéènì fara da gbogbo èyí fún ọdún mẹ́ta nítorí ìlérí kan ṣoṣo. Àwo a máa ní ojú méjì. Fálẹ́yìmú ti sọ fún un pé lọ́jọ́ kan òun yóò fún un ní ojú kan, kó fi ẹnu ara rẹ̀ kọ orin tirẹ̀, kí orúkọ rẹ̀ sì wà lára bébà. Orin tó fẹ́ kọ ti wà nílẹ̀. Orin ìyá rẹ̀ ni.

Ìyá náà, Àdíját, ọmọ Ọ̀fà ni. Nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọge ló wọ reluwé wá kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Òṣogbo, ó rí ọkọ, kò sì padà mọ́. Àtọ́kẹ́ ni oríkì rẹ̀, Ọ̀kín sì ni orílẹ̀ rẹ̀, bíi ti gbogbo ọmọ Ọlọ́fà. Nínú agbo ilé ọkọ rẹ̀, àwọn ìyàwó ilé kan wà tí wọ́n ṣì ń pè é ní àtọ̀húnrìnwá títí di òní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti sin ọkọ síbẹ̀, ó sì ti rí ọmọ ọmọ níbẹ̀. Ọmọ rẹ̀ fẹ́ kí giramafóònù ki ìyá òun lójú gbogbo wọn, kó tó di pé kò sí mọ́. Ohun tó fẹ́ nìyẹn. N kò rí ohun mìíràn tó fẹ́ lọ́wọ́ Fálẹ́yìmú.

Báyìí ni orin náà ṣe bẹ̀rẹ̀:

Àtọ́kẹ́ Ọ̀kín, ọmọ Ọlọ́fà,
Reluwé ló gbé e wọ̀lú, kò bá reluwé padà.
Àtọ́kẹ́ tó fi ẹ̀yìn pọ̀n mí,
Orin ni mo gbọ́ kí n tó gbọ́ èdè.

Nínú ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún 1957, Fálẹ́yìmú ránṣẹ́ sí i pé ọjọ́ ti pé. Mùyídéènì wọ lọ́rì lọ sí Iléṣà, ó gbé agídìgbo lé itan nínú yàrá aṣọ yẹn, ó sì kọ orin ìyá rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Akọrin kan tó ń jẹ́ Mọ́rìnọ́lá, ọkùnrin tí ohùn rẹ̀ dùn tí kì í sì í béèrè ìbéèrè, jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń dúró de iṣẹ́ tirẹ̀.

Fálẹ́yìmú kò dìde lórí ìlóṣòó. "Ó dùn. Ta ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀?"

"Ìyá mi ni, Ọ̀gá."

"Ìyá rẹ fẹ́ ṣílé?"

"Rárá o."

"Olóyè Ọlágòkè fẹ́ ṣílé. Ó fẹ́ kí a ki ìyá òun. Àríkẹ́ ni wọ́n ń pe Màmá. Àtọ́kẹ́, Àríkẹ́." Ó pè é lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni tó ń fọwọ́ pa aṣọ wò. "Ọ̀kan náà ni wọ́n. Mọ́rìnọ́lá, bọ́ síbí, ìwọ ni yóò kọ ọ́."

Ó yẹ kí n sọ pé òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà. Ohùn orúkọ méjèèjì bára mu. Bí agídìgbo bá pe ọ̀kan, ó ti pe èkejì. Ká ní Àbẹ̀kẹ́ tàbí Àjọkẹ́ ni oríkì ìyá Olóyè, orin náà ì bá ti wọ́, ẹnikẹ́ni tó bá létí ì bá sì ti mọ̀ pé wọ́n fọwọ́ yí i ni. Àríkẹ́ bọ́ sínú ihò Àtọ́kẹ́ láìkan ẹ̀gbẹ́ kankan.

Mùyídéènì ní, "Ọ̀gá, Ọ̀kín ńkọ́? Ọmọ Ọlọ́fà ńkọ́?"

"Kí ló ṣe ọ̀kín? Ẹyẹ ọba ni. Ta ni wọ́n á pè ní ọ̀kín tí yóò bínú?"

"Reluwé ńkọ́?"

"Ẹni tó rí jẹ ló ń wọ reluwé. Ẹ̀yẹ ni."

"Ṣé ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọmọ Iléṣà ò mọ orílẹ̀ Màmá ni?"

"Irú aṣọ tí wọ́n ń rà ni mo mọ̀." Fálẹ́yìmú sún ìlóṣòó rẹ̀ mọ́ ọn. "Lu àpótí rẹ. Èyí tí o kọ lẹ́ẹ̀kan ti wà nínú téèpù. Àríkẹ́ lójú kan, Àtọ́kẹ́ lójú kejì. Ìyá méjì nínú àwo kan. Kí lo tún ń wá?"

Mọ́rìnọ́lá kọ ọ́. Mùyídéènì lù ú. Mo bi í pé kí ló dé tó fi lù ú.

"Ojú kejì," ó ní.

Ní Iléṣà, mo bá àwọn kan pàdé tí wọ́n ní irọ́ ni, pé Mùyídéènì mọ̀ọ́mọ̀ lù ú bẹ́ẹ̀ ni kí ojú lè ti Fálẹ́yìmú. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà wá fún un. Ó ní, "Bí mo bá gbọ́n tó bẹ́ẹ̀, ṣé mo máa lùlù fún Fálẹ́yìmú fún ọdún mẹ́ta?" N kò tíì mọ̀ bóyá ìdáhùn nìyẹn.

Òkè òkun ni wọ́n ti ń tẹ àwo. Nígbà tí èyí dé, orin Àríkẹ́ wà lójú kan. Lójú kejì, Fálẹ́yìmú fúnra rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Ó ń ròyìn ilé ìtajà rẹ̀, ó ń sọ bí ènìyàn ṣe máa rìn débẹ̀ láti ibùdókọ̀, agídìgbo tí Mùyídéènì ti lù sínú orin mìíràn sì ń dún lábẹ́ ọ̀rọ̀ náà. Orin Àtọ́kẹ́ kò sí níbì kankan. Fálẹ́yìmú ti gba ohùn ara rẹ̀ lé e lórí.

"Ó ní téèpù wọ́n," Mùyídéènì ní. "Ohun tó rí sọ nìyẹn. Téèpù wọ́n."

Kò tíì mọ ohun tí yóò ṣe nígbà tí Olóyè Ọlágòkè ṣílé. Oníṣòwò kòkó ni Olóyè, ó sì ń du oyè mìíràn tó ga ju èyí tó wà lórí rẹ̀ lọ. Ìyá rẹ̀, Phebe Àríkẹ́, jẹ́ ìyá ìjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà tọ̀tún tòsì ni Màmá: ìyá rẹ̀ ọmọ Iléṣà, bàbá rẹ̀ àgbẹ̀ ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Nígbà tí pásítọ̀ gbàdúrà tán, wọ́n gbé àwo náà sórí giramafóònù nínú yàrá àlejò tuntun, gbogbo ẹbí jókòó yí Màmá ká.

Igbe Fálẹ́yìmú kọ́kọ́ jáde. Lẹ́yìn náà ni Mọ́rìnọ́lá pe Àríkẹ́, Màmá sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Nígbà tó dé "Ọ̀kín, ọmọ Ọlọ́fà", ẹ̀gbọ́n Màmá ọkùnrin, bàbá arúgbó kan, gbé ife ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ta ni Ọlọ́fà nínú wa?"

Orin dé orí reluwé. Ẹnìkan lẹ́yìn sọ pé, "Reluwé wo ló gbé Màmá wá? Ṣé wọ́n ti la ojú irin dé Iléṣà ni, tí a ò gbọ́?" Àwọn kan bú sẹ́rìn-ín. Màmá kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí ju ẹ̀rín lọ. Bí o bá fi orílẹ̀ ìlú mìíràn ki àgbàlagbà obìnrin nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ohun tí àwọn ènìyàn ń gbọ́ ni pé ibòmíràn ni wọ́n ti mú baba rẹ̀ wá, pé ogun ló kó o, pé ẹrú ni. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló ní irú ìtàn bẹ́ẹ̀ tí wọn kì í sọ. Ìdílé Màmá Phebe kò ní in, àwo sì ti fún wọn ní ọ̀kan. Kí ọjà tó tú lọ́jọ́ kejì, àwọn tó ń bá Ọlágòkè du oyè ti ń pè é ní Ọmọ Reluwé.

Wọ́n ránṣẹ́ pe Fálẹ́yìmú. Ó ní kì í ṣe òun, pé alágídìgbo ará Òṣogbo kan ló ki ọwọ́ bọ orin náà. Wọ́n ní kó lọ mú un wá. Báyìí ni Fálẹ́yìmú ṣe dé Òkè-Baálẹ̀. Ó bá Mùyídéènì lórí ìjókòó níwájú ilé, ó sì lóṣòó síwájú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Àdíját jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó ń bó ẹ̀gúsí.

"Múídì, ìwọ ni yóò bá mi dọ̀bálẹ̀ fún wọn."

"Torí kí ni?"

"Pé ìwọ lo ṣì í. Kí o ní o mu ẹmu."

"Èmi kì í mu ẹmu, Ọ̀gá."

"Wọn ò mọ̀. Ará Òṣogbo ni ọ́ lójú wọn, kò sí èyí tí wọn ò ní gbà gbọ́. O dọ̀bálẹ̀, o dìde, ó parí. Màá fún ọ ní ojú kejì."

"Ẹ ti fún mi rí."

"Ojú méjèèjì ni lọ́tẹ̀ yìí."

Mùyídéènì sọ fún mi pé òun rò ó. Ó sọ ọ́ láìfi bò. Ó ní ìdọ̀bálẹ̀ kì í pa ènìyàn, pé òun ti ṣírò rẹ̀ lọ́kàn pé òun á lọ. Ìyá rẹ̀ ló dá sí i.

"Kí ni wọ́n ní wọ́n fi ki ìyá náà?"

"Ọ̀kín ni, Ìyá," ni Mùyídéènì wí.

"Ọ̀kín tèmi?"

Fálẹ́yìmú yí ìlóṣòó rẹ̀ sí i. "Ìyá, ẹ má bínú. Àṣìṣe ni."

"Àṣìṣe kọ́. Bí o bá ká aṣọ mi lórí okùn, tí o gbé e wọ ẹlòmíràn, ṣé wàá ní o ṣì í ká ni?" Ó gbọn èèpo ẹ̀gúsí kúrò lára ìró. "Múídì, ìwọ ò ní dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ìwọ kọ́ lo ni oríkì. Wá mú mi débẹ̀."

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ lọ́rì kan náà. Wọ́n ní láti Òṣogbo títí dé Iléṣà, ẹnu Fálẹ́yìmú kò dákẹ́. Ó ń kọ́ ìyá náà ní ohun tó máa sọ. Ìyá náà ń wo igbó.

Yàrá àlejò Olóyè kún. Bí Mùyídéènì ti wọlé ni Olóyè bẹ̀rẹ̀ sí í bú u, pé ta ló rán an, pé èló ni àwọn ọ̀tá òun fún un. Mùyídéènì kò tíì la ẹnu tí ìyá rẹ̀ fi gba iwájú rẹ̀ kọjá, tó lọ dúró síwájú Màmá Phebe.

"Màmá, ẹ kú ilé o. Èmi ni Àtọ́kẹ́ Ọ̀kín, ọmọ Ọlọ́fà. Èmi ni reluwé gbé wá. Wọ́n ní wọ́n ti fi mí ki yín. Mo wá mú ara mi lọ."

Màmá Phebe wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ó ní kí Olóyè panu mọ́. Ó wá ní, pẹ̀lú ohùn Ìjẹ̀ṣà tó wúwo lẹ́nu rẹ̀, "Ẹ jókòó, ìyá. Ulé yín rèé. Ọmọ yín nìyí?"

"Ọmọ mi ni."

"Jẹ́ kó kọ ọ́ kí n gbọ́ bó ṣe jẹ́."

Ó kọ ọ́. Kò sí ẹ̀rọ tó ń yí, ẹnikẹ́ni kò lóṣòó síwájú rẹ̀. Ó pe Àtọ́kẹ́ síbi tí Àtọ́kẹ́ wà, ó pe Ọlọ́fà, ó pe reluwé, ìyá rẹ̀ sì ń dáhùn sí oríkì rẹ̀ bí ọmọ Ọlọ́fà ṣe ń dáhùn. Nígbà tó parí, Màmá Phebe yíjú sí àwọn ẹbí.

"Ẹ ti gbọ́? Ẹni tó ni ín nìyí. Mo ti sọ fún yín pé èmi ò wọ reluwé rí láyé mi."

Bàbá arúgbó yẹn ní ọ̀rọ̀ ti tán. Bó ṣe tán lóòótọ́ nìyẹn, nítorí bí ẹni tó ni oríkì bá ti jáde, kò sí ẹni tó tún lè sọ pé ti Màmá ni. Wọ́n fún Àdíját ní obì àti ìjókòó tó dára. Olóyè kò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Mùyídéènì. Ó kàn ní kí Fálẹ́yìmú kó gbogbo àwo náà wá, wọ́n sì fi ọmọ odó fọ́ wọn nínú àgbàlá.

Mùyídéènì dúró wò ó. "N kò fẹ́ àwo yẹn láyé," ó ní. "Ṣùgbọ́n n kò lù ú dáadáa tó bẹ́ẹ̀ rí, n kò sì rò pé mo tún máa lù ú bẹ́ẹ̀ mọ́."

Wọn kò tíì gbá àfọ́kù àwo tán nílẹ̀ tí Fálẹ́yìmú fi tún ohùn ṣe. "Olóyè, ẹ̀rọ wà nílẹ̀ o. Bí a bá rí oríkì Màmá gan-an gbà báyìí, ọ̀la la ó ṣe é." Kò sẹ́ni tó wo ojú rẹ̀. Kò tì í lójú. Nígbà tí wọ́n dé ojú títì, ó dojú kọ Àdíját. "Ìyá, gbogbo Iléṣà ló ti mọ orúkọ yín báyìí. Bí a bá gbé Àtọ́kẹ́ jáde, wọ́n á rà á tán lọ́wọ́ wa."

Ohun tí n kò retí nìyí: ìyá náà gbà. Ó ní, "Múídì, jẹ́ kó gbà á. Ṣebí ohun tí o ń wá nìyẹn?"

Mùyídéènì ní itọ́ kún ẹnu òun, òun sì tu ú sílẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ lọ wá ẹlòmíràn tí ẹ ó máa lóṣòó tì. Ìyá mi kò wọ inú ẹ̀rọ yín mọ́." Kò débẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà. Ó ṣì ń bá àwọn mìíràn lùlù, ní Òṣogbo àti níbòmíràn, ṣùgbọ́n kì í kọrin. Bí wọ́n bá ní kó mú orin tirẹ̀ wá, á ní òun ò ní.

Mo lọ rí Fálẹ́yìmú fúnra rẹ̀ ní Òkèṣà. Ó gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀. Ó ní ènìyàn dáadáa ni Mùyídéènì, orí rẹ̀ ló kàn le. Mo ní mo fẹ́ gbọ́ àwo tó fa wàhálà. Ó ní wọ́n ti fọ́ gbogbo rẹ̀. Ó wo ìta, ó wo ojú mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ káńtà.

"Àwo Reluwé ni wọ́n ń pè é báyìí," ó ní, bó ṣe ń tú aṣọ tó fi wé e. "Ẹni tó bá fẹ́ ẹ gan-an máa ń rí i." Iye tó pè é ju ti àwo mìíràn lọ fíìfíì. Ó ní kí n má jẹ́ kí ará ilé Olóyè rí i lọ́wọ́ mi. Mo rà á. Ọwọ́ mi kò mọ́ nínú rẹ̀, mo mọ̀.

Mo gbé e padà sí Òkè-Baálẹ̀, nítorí mo rò pé ó tọ́ kí Mùyídéènì mọ̀ pé àwo náà ṣì ń rìn. Mo tún rò pé yóò fọ́ ọ mọ́lẹ̀. Kò fọwọ́ kàn án. Ó bojú wo bébà àárín rẹ̀, níbi tí wọ́n kọ Fálẹ́yìmú sí gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ṣe orin náà, ó dìde, ó sì bọ́ síta.

Ìyá rẹ̀ ló bi mí. "Ohùn rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀?"

"Rárá, Ìyá. Mọ́rìnọ́lá ló kọ ọ́."

"Ìka rẹ̀ ńkọ́?"

"Ìka rẹ̀ ni."

"Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ìka náà."

Télọ̀ kan wà nínú agbo ilé wọn, Ọmọ́yẹlé, tó ní giramafóònù. Wọ́n gbé e wá síwájú ilé. Àwọn ìyàwó ilé bíi mélòó kan fi iṣẹ́ ọwọ́ wọn sílẹ̀, wọ́n dúró. Igbe Fálẹ́yìmú jáde, lẹ́yìn náà agídìgbo wọlé, mo sì rí i lójú ìyá náà pé ó mọ̀ ọ́n. Nígbà tí Mọ́rìnọ́lá pe Àríkẹ́, ìyá náà sọ sókè pé, "Àtọ́kẹ́." Kò bínú. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń tún ọ̀rọ̀ ṣe lẹ́nu ọmọdé. Mọ́rìnọ́lá tún pe Àríkẹ́, ó tún sọ pé, "Àtọ́kẹ́." Bó ṣe ń bá a lọ nìyẹn. Ohùn méjèèjì bára mu tó bẹ́ẹ̀ tí n kò fi gbọ́ Àríkẹ́ mọ́ níbi tí mo jókòó sí.

Nígbà tó parí, Ọmọ́yẹlé yí àwo náà sójú kejì. Fálẹ́yìmú bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ọ̀nà ilé ìtajà rẹ̀.

"Ta ni ìyẹn?" ni ìyá náà bi wá.

Mùyídéènì ti wà lẹ́yìn wa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. N kò mọ ìgbà tó padà. "Òun náà nìyẹn, Ìyá."

"Yọ ọ́, Ọmọ́yẹlé. Dá a padà sí ti ìṣáájú."

"Ìyá, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀."

"Ìwọ máa lọ kírun rẹ," ni ìyá rẹ̀ wí, ó sì fi ọwọ́ ṣàpèjúwe fún télọ̀ náà pé kó yí ọwọ́ ẹ̀rọ.